Bí ẹ ṣe lè sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ sì dúró sójú kan lábẹ́ omi: ìtọ́sọ́nà fún amòòkùn tuntun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí mímòòkùn ni kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró lábẹ́ omi. Lójú omi, wọ́n á jà kí wọ́n tó rì. Tí wọ́n bá rì tán, wọn ò ní rí ara wọn dá dúró mọ́. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì kí afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á tẹ òmíràn kí ó jáde, ọwọ́ wọn ò ní sinmi, ẹrẹ̀ á ru bo gbogbo àyíká, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà wọn á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ti ẹnìkejì wọn ṣì kù dáadáa. Wọ́n á wá máa rò pé omi ò gba àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjé tí wọ́n so mọ́ra kí wọ́n lè rì ló pọ̀ jù, tàbí kí ó wà níbi tí kò yẹ, èémí wọn sì ń sáré. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń tò ó: òjé ló ṣáájú, èémí ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni sísọ̀kalẹ̀, kí a tó wá kan bí ara ṣe ń tẹ́jú nínú omi. Bọ́tìnì BCD, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí.

Stoney Cove ní Leicestershire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni màá máa tọ́ka sí jù. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta granite ni tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ parí níbẹ̀ ní 1958, omi sì kún ibẹ̀. Omi náà kò ní iyọ̀, kò sí ìgbì níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì pín sí ìpele: èyí tó sún mọ́ òkè jù kò jìn ju nǹkan bíi mítà 6 tàbí 7 lọ, òmíràn wà ní nǹkan bíi mítà 20, ibi tó jìn jù sì tó mítà 35. Ó tutù o. Ní ìgbà òtútù, omi ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, torí pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ yín, ẹ kò lè ṣèèṣì rì kọjá ibi tí ó yẹ. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rì sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, irú bíi Stanegarth, kò ní sá lọ.

Ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tó ní ìwé àṣẹ, tó sì ní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Wetsuit, aṣọ rọ́bà tí omi ń wọ̀, ni mo fi ṣe ìṣirò. Drysuit, aṣọ tí omi kì í wọ̀, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ wà nínú òun náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí omi ń ṣe fún afẹ́fẹ́

Lójú omi, ìtẹ̀ tó wà lára wa jẹ́ bar 1 (bar ni òṣùwọ̀n ìtẹ̀). Gbogbo mítà 10 tí a bá sọ̀ nínú omi ń fi bar 1 kún un. Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló ṣàlàyé ní 1662 pé bí ìtẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àyè tí afẹ́fẹ́ gbà á dín sí ìdajì. Ẹ jẹ́ ká ní lítà 12 afẹ́fẹ́ wà nínú àpò kan lójú omi. Ní mítà 10, ó ti di lítà 6. Ní mítà 20, lítà 4. Ní mítà 30, lítà 3. Ẹ tún ìṣirò yẹn wò: mítà 10 àkọ́kọ́ nìkan ló gba lítà 6 lọ, àmọ́ láàárín mítà 20 sí 30, lítà 1 péré ló lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti dúró sójú kan ní mítà 3 ju ní mítà 20 lọ. Ẹ má ṣe rò pé ibi tí kò jìn ni ibi tó rọrùn.

Àwa ará Nàìjíríà ò gbàgbé Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé létí òkun Delta ní oṣù karùn-ún 2013. Ó lò tó ọgọ́ta wákàtí nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń mí yẹn ki tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí à ń mí lórí ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn amòòkùn tó rí i kò fi lè kàn fà á jáde lọ sójú omi. Inú yàrá tí wọ́n ti ń dín ìtẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ amòòkùn. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lára BCD yín ní mítà 5.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé lítà kan afẹ́fẹ́ ń gbé nǹkan bíi kílò kan sókè nínú omi, ibi yòówù kó wà: nínú BCD, nínú rọ́bà wetsuit, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá gbé òjé kílò 4 tí kò nílò, ó di dandan kó fẹ́ lítà 4 afẹ́fẹ́ sínú BCD kó má bàa rì. Lítà 4 yẹn á máa fẹ̀, á máa sún kì, ní gbogbo ìgbà tó bá gòkè tàbí tó bá sọ̀ díẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú gan-an nìyẹn, òun sì rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn òjé yín

Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa wọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà: wetsuit, ibọ̀wọ́, ìbòrí, fins (bàtà pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá omi), sìlíńdà irú èyí tí ẹ máa lò. Ìgbà tó dára jù láti wọn òjé ni òpin ìmòòkùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà bá ti kù sí bar 50, torí ìgbà náà ni ẹ fúyẹ́ jù.

Ẹ fi regulator, ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, sí ẹnu, kí ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú BCD jáde. Ẹ dúró lóòró lójú omi, kí ẹ ká ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ra ní ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n má bàa gbá omi. Ẹ mí sínú níwọ̀nba, bí ẹ ṣe máa ń mí lórí àga nílé, kí ẹ sì dá èémí náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Omi yẹ kó wà ní déédéé ojú yín, níbi gíláàsì mask, ìbòjú tí a fi ń ríran lábẹ́ omi. Ẹ wá mí síta tán pátápátá. Orí yín yẹ kó rọra wọlé sínú omi.

Tí orí bá ti wọlé nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú yín, òjé ti pọ̀ jù. Ẹ yọ kílò kan, kí ẹ tún un wò. Tí ẹ bá mí síta tán tí orí ò wọlé, ẹ má tíì fi òjé kún un. Ẹ kọ́kọ́ fa ọrùn wetsuit kí omi wọ inú rẹ̀, ẹ gbé rọ́bà gígùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ BCD sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ jáde, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tó tún un ṣe. Tí kò bá tún wọlé, ẹ fi kílò kan kún un.

Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú sìlíńdà tó kún, ẹ ní láti ro ti afẹ́fẹ́ tí ẹ máa mí tán mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Sìlíńdà irin lítà 12, tí wọ́n rọ dé bar 232, máa ń fúyẹ́ sí i ní nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ kó tó kù sí bar 50. Iye òjé tó jẹ́ kí ojú yín bá omi dọ́gba pẹ̀lú sìlíńdà tó kún, ẹ fi nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ lé e.

Ohun méjì ló tún máa ń da ìṣirò yìí rú fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Èkíní ni iyọ̀: omi òkun wúwo ju omi tí kò ní iyọ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí òun àti gbogbo ẹrù rẹ̀ bá wọn kílò 100, yóò fi nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ kún ti Stoney Cove tó bá dé òkun. Èkejì ni sìlíńdà. Ní Florida, sìlíńdà aluminium lítà 11 ni ẹ máa bá níbi púpọ̀. Tí èyí bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ á máa léfòó, á sì máa gbé yín sókè ní nǹkan bíi kílò 2. Àmọ́ ẹni tó bọ́ aṣọ mìlímítà 7 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wọ ti mìlímítà 3, ti yọ ọ̀pọ̀ rọ́bà tó ń léfòó kúrò lára. Nítorí náà, ẹ má gbé iye ti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹ tún un wọ̀n.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi òjé kún ti akẹ́kọ̀ọ́ kí ó lè kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò ìwẹ̀ títí tí wọ́n á fi kọ́ ọ tán. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á gbé iye yẹn lọ sílé gẹ́gẹ́ bí iye tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi èémí ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń fi bọ́tìnì ṣe

Ẹ lọ sí ìpele mítà 6, kí ẹ sún mọ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kúnlẹ̀. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú BCD, fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, títí tí ẹ kò fi rì mọ́, tí ẹ kò sì léfòó. Ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

Ẹ fa èémí sínú jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí àṣìṣe wà nìyí: ara máa ń dúró bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta kó tó dáhùn, ẹni tí kò mọ̀ á ti tẹ bọ́tìnì kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, méjèèjì á wá papọ̀ gbé e lọ. Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀ ń gòkè báyìí. Ẹ mí síta, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìdúró kan náà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Kí ẹ tó sọ̀ jìnnà, ẹ ti ń fa èémí mìíràn. Ẹ ṣe é títí tí ẹ ó fi lè mọ ìgbà tí ara fẹ́ gbéra kó tó gbéra.

Iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ń gbà láàárín mímí sínú àti mímí síta lè yí ìwọ̀n yín padà ní kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó láti gun òkúta tó wà níwájú yín, kí ẹ sì tún sọ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, láìfọwọ́ kan nǹkankan.

Òfin tí kò ní àfojúfò ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ pa èémí mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fà ní mítà 10 á fẹ̀ di ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Bí ẹ bá fẹ́ dúró díẹ̀ láàárín èémí méjì, ọ̀nà ọ̀fun gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sísọ̀kalẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ lójú omi: ibo ni à ń lọ, báwo ló ṣe jìn tó, kí la máa ṣe tí etí ẹnì kan kò bá là, ìyẹn tí ìtẹ̀ inú etí kò bá bá ti omi dọ́gba. Ẹ rántí pé lábẹ́ omi, kí èèyàn na àtàǹpàkò sókè túmọ̀ sí "ó yá, ká gòkè." Àwa tí a ti fi í ń sọ pé "ó dáa" láti kékeré gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tí a fi ṣe òrùka ni "ó dáa."

Ẹ wá okùn tó lọ láti ojú omi dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má rọ̀ mọ́ ọn. Ìka méjì tó yí i ká fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, kí ẹ lè rí i bóyá ẹ̀ ń yára tàbí ẹ ti dúró. Ojú ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín gbọ́dọ̀ kọjú síra.

Ẹ la etí lẹ́ẹ̀kan lójú omi níbẹ̀, kí ẹ tó sọ̀ rárá. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni èyí tí Antonio Valsalva, dókítà ará Ítálì, ṣàlàyé ní 1704: ẹ di imú mú, ẹ pa ẹnu dé mọ́ regulator, kí ẹ sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú náà. Jẹ́jẹ́ ni. Àwọn mìíràn máa ń di imú mú kí wọ́n sì gbé itọ́ mì; bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ lò ó.

Ẹ gbé rọ́bà BCD sókè ju orí lọ, ní apá òsì, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtújáde. Ibi tó ga jù ni afẹ́fẹ́ máa ń lọ, nítorí náà bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kò ní jáde tán. Ẹ dúró lóòró. Lẹ́yìn náà ẹ mí síta, gùn-ún, títí tí ikùn á fi wọnú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀. Ọkàn wọn ń lù kìkì, wọ́n mí síta díẹ̀, wọ́n sì sáré fa èémí ńlá sínú; èémí ńlá yẹn á dá wọn padà sójú omi. Ẹ mí síta pẹ́, ẹ mí sínú níwọ̀nba, kí ẹ tún mí síta pẹ́. Mítà méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, omi á ti tẹ rọ́bà aṣọ yín díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà yín.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Àbúrò kan wà tí a jọ wà lójú omi ní Stoney Cove, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní òjé sí i, n kò rì." Mo wo ìsàlẹ̀: fins rẹ̀ méjèèjì ń lọ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, kò sì mọ̀. Ẹni tó dúró lóòró tó ń gbá ẹsẹ̀, òkè ló ń gbá ara rẹ̀ lọ. Mo ní, "Mú ẹsẹ̀ rẹ dúró ná, kí o sì mí síta." Omi ti bo ìbòrí rẹ̀ kí n tó fi regulator tèmi sẹ́nu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi òjé kún òjé, kí ẹnìkejì rẹ̀ kọ́kọ́ bá a wo ẹsẹ̀.

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ ṣáájú ní mítà mélòó kan àkọ́kọ́, torí pé etí máa ń tètè là nígbà tí orí bá wà lókè. Ẹ la etí ní gbogbo ìdajì mítà tàbí mítà kan, kó tó dùn yín. Tí ó bá ti ń dùn yín, ẹ ti pẹ́ jù: ẹ dúró, ẹ na ọwọ́ sí etí, kí ẹ mi ọwọ́ kejì kí ẹnìkejì yín lè rí i, ẹ gòkè ní mítà kan, kí ẹ tún un gbìyànjú. Tí ó bá kọ̀, ìmòòkùn ọjọ́ náà parí nìyẹn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá ṣe é, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wọ omi pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Oògùn tí ẹ lò kí imú lè là lè tán lágbára nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá há sínú etí yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lókè. Ẹ tún máa fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú mask, kó má bàa fa ẹyinjú yín.

Ẹni tí etí rẹ̀ lọ́ra jù ló máa pinnu bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa yára tó. Kò sí ìdúnàádúrà nínú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ẹ lè dúró níbi tó wù yín

Bí ẹ ṣe ń sọ̀, aṣọ ń kì sí i, afẹ́fẹ́ tó kù sínú BCD náà ń kì, ẹ̀ ń wúwo sí i, ẹ sì ń yára sí i. Ẹni tí kò bá ṣe nǹkankan sí i, ilẹ̀ ló máa dá a dúró. Ẹ fi ṣe iṣẹ́ pé ní mítà 3, ẹ ó dúró. Ní mítà 6, ẹ ó tún dúró. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìfẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ mí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo okùn. Bí ẹ bá ṣì ń sọ̀, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi dúró ti fẹ́ ẹ jù. Ìdúró tó wà láàárín èémí àti ara wà láàárín bọ́tìnì àti ara pẹ̀lú.

Ní mítà 5 tàbí 6, ẹ yí ara yín wò, ẹ̀yin méjèèjì, bóyá afẹ́fẹ́ ń yọ níbì kan lára rọ́bà tàbí lẹ́yìn sìlíńdà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lè dúró ní ibi tí ẹ pinnu láìfara kan ilẹ̀, nígbàkígbà, ni kí ẹ tó lọ sí ìpele tó jìn jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ara ṣe ń tẹ́jú

Ohun tí àwọn amòòkùn ń pè ní trim kò ju pé kí ara tẹ́ bẹẹrẹ nínú omi, orí àti orúnkún ní ìpele kan náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá gbá omi, ó ń ti ara rẹ̀ sókè. Ó wá ń tú afẹ́fẹ́ BCD jáde láti fi dín in kù. Tó bá dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró, ó rì. Ó lè rò pé BCD òun ló bàjẹ́.

Ìdánwò náà rọrùn. Ní mítà 6, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ ká orúnkún kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè kọjú sókè, ẹ gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ lè máa wo iwájú. Ẹ wá ṣíwọ́. Kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀, èémí nìkan. Láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ara yín á fi ibi tó wúwo hàn. Ẹ ní kí ẹnìkejì yín fi kámẹ́rà ká a sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, torí ohun tí ara ń sọ fún wa àti ohun tí kámẹ́rà rí kì í sábà dọ́gba.

Ẹni tó bá ti rí àwọn atukọ̀ Mákòókó tí wọ́n ń di ẹrù sọ́kọ̀ mọ̀ pé bí gbogbo ẹrù bá wà nídìí, imú ọkọ̀ á gbé sókè, wọ́n á sì sún díẹ̀ síwájú kí wọ́n tó tukọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjé. Tí ẹsẹ̀ bá ń rì, ẹ yọ kílò kan tàbí méjì kúrò ní ìbàdí, kí ẹ gbé e lọ sínú àpò kékeré tó wà lára bẹ́líìtì sìlíńdà, ní ẹ̀yìn, súnmọ́ èjìká. Tàbí kí ẹ tú bẹ́líìtì náà, kí ẹ gbé sìlíńdà sókè díẹ̀. Ẹ yẹ fins yín wò pẹ̀lú. Àwọn kan wúwo nínú omi, àwọn mìíràn ń léfòó. Tí orí bá ń rì, ẹ ṣe òdì kejì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí èyí: òjé tó wà nínú àpò ẹ̀yìn kì í ṣeé jù sílẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé. Ẹ rí i pé èyí tó kù ní ìbàdí, tí ọwọ́ lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó láti gbé yín léfòó.

Nígbà tí ara bá ti tẹ́, ẹ yí bí ẹ ṣe ń gbá omi padà. Ẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ síta, ẹ fi ti omi sẹ́yìn, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ara yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tún gbá a, bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń wẹ̀. Ẹ wẹ̀ kọjá ní mítà kan sókè ilẹ̀ Stoney Cove, kí ẹ sì bojú wẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí pé ara ti tẹ́ báyìí, gbígbé rọ́bà sókè kì í tú afẹ́fẹ́ jáde dáadáa mọ́. Okùn kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ BCD, lẹ́yìn, lápá ọ̀tún lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀ kí ẹ sì fà á. Ẹ wá a lórí ilẹ̀, kí ọwọ́ yín ti mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ tó wọ omi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gígòkè, àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5

Ẹ rántí lítà 12 yẹn, kí ẹ kà á padà sẹ́yìn: lítà 6 ní mítà 10 á di 12 lójú omi. Ìyẹn ni pé bí ẹ ṣe ń sún mọ́ òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yára fẹ̀. Kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ ti tú díẹ̀ jáde, kí ẹ sì máa tú u bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ti ń yára ti pẹ́. Mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ má kọjá, kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín á sì máa kìlọ̀ tí ẹ bá yára jù.

Ẹ dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdúró yìí ń jẹ́ kí naitirójìn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ máa jáde, àmọ́ òun náà ni ìdánwò òjé tó dáa jù tí ẹ lè ṣe. Sìlíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí bar 50, ibi tí ẹ wà kò jìn. Tí ẹ bá lè tú BCD tán pátápátá, kí ẹ sì fi èémí nìkan dúró níbẹ̀ láìkọjá ìdajì mítà sókè tàbí sísàlẹ̀, òjé yín pé. Tí ẹ bá ń jà kí ẹ má léfòó, ó kù díẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ bá ṣì wà nínú BCD kí ẹ tó lè dúró, ẹ yọ kílò kan nígbà mìíràn.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó gbàgbé: iye òjé àti ibi tí ẹ fi kọ̀ọ̀kan sí, irú aṣọ àti bó ṣe nípọn tó, sìlíńdà irin tàbí aluminium àti iye lítà rẹ̀, omi òkun tàbí omi tí kò ní iyọ̀, iye bar tó kù, àti bí ìdúró mítà 5 ṣe rí.